Ta Ló Yan Àǹkóò Náà?

Ṣòkòtò kan wà nígbà èwe wa tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "Kíìpù Légọ́ọ̀sì Kílíìnì". Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn 1980 kò ní mọ̀ ọ́n, àfi tí ẹ bá rí i nínú fọ́tò àwọn bàbá yín. Ó máa ń fún mọ́ itan pinpin, ṣùgbọ́n tó bá ti dé orúnkún, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí ẹnu agogo, á sì gùn débi pé etí rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ rìn láti Yábàá dé Ìdúmọ̀tà ti bá ìjọba gbá títì. Ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ìgboro já ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó gbà lẹ́nu ìjọba, wọ́n fi sọ ṣòkòtò lórúkọ. A tún ní bóńgò, a ní bàtà gàràǹtí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga bí àpótí ìjókòó, a sì ní irun áfúrò tí kò gbọ́ ti òòyà kékeré. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń wá orúkọ Yorùbá fún nǹkan tuntun, kò sì sí èyí tí a wá rí tó mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu kíá bí orúkọ ṣòkòtò yẹn.

Èmi náà rán tèmi. Ọdún 1971 ni, ọdún kejì mi ní Yunifásítì Ìbàdàn. Télọ̀ kan wà ní Mọ́kọ́lá tí kì í béèrè irú ṣòkòtò tí o fẹ́. Ohun tó máa ń béèrè ni, "Ínṣì mélòó?", ìyẹn ni pé báwo ni kí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó. Ẹni tó bá ní 22, ojo ni. Ẹni tó bá gbójú á ní 26. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú ìbéèrè ọkùnrin yẹn. Ó ti mọ̀ pé ṣòkòtò kan náà ni gbogbo wa ń bọ̀ wá rán, pé ibi tí olúkúlùkù wa ti lè sọ tẹnu ara rẹ̀ kò ju ínṣì mẹ́rin lọ. Àmọ́ ínṣì mẹ́rin yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. A máa ń bá ara wa jiyàn lé e lórí ní gbọ̀ngán oúnjẹ bí ẹni ń jiyàn òṣèlú.

Orin ló gbé gbogbo rẹ̀ wá. Kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀, orin háíláìfù ni orin ọ̀làjú. Àwọn tó ń kọ ọ́, bíi Bobby Benson àti Victor Olaiya, kóòtù àti táì ni wọ́n fi ń dúró lórí ìtàgé, Olaiya sì máa ń mú áńkáṣíìfù funfun rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn tó ń jó o náà ń múra bí wọn. Ní nǹkan bí 1966 ni Geraldo Pino, ọmọ Sàró, kó ẹgbẹ́ rẹ̀ Heartbeats wá sí Nàìjíríà, ó ń ṣe orin sóòlù bíi ti James Brown, pẹ̀lú ohun èlò orin tí ìró rẹ̀ ju ti gbogbo àwọn tó bá nílẹ̀ lọ. Fela fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ọkùnrin yìí kó ìdààmú bá òun. Ogun parí ní oṣù kìíní 1970, owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, James Brown fúnra rẹ̀ sì wá ní ọdún yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló rí James Brown? Páálí rẹ́kọ́ọ̀dù ni a rí. A ò tíì dé Amẹ́ríkà rí, tẹlifíṣọ̀n kò sì sí nílé púpọ̀ nínú wa, nítorí náà páálí yẹn ni dígí wa. A máa ń mú un lọ sọ́dọ̀ télọ̀, a ó na ìka sí i: "Bíi ti eléyìí."

Ibi kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí mi ò lè fò kọjá. Nígbà yẹn, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ti ń wọ ẹ̀wù kan tí wọ́n ń pè ní dashiki, láti fi hàn pé àwọn ò tijú ìran àwọn. Ẹ̀wù yẹn náà dé ọ̀dọ̀ wa lórí páálí rẹ́kọ́ọ̀dù, a sì rò pé nǹkan tuntun ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, dàńṣíkí wa ni! Àwọn àgbẹ̀ ti ń wọ̀ ọ́ lọ sóko kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ sóòlù. Dàńṣíkí náà ẹ̀wẹ̀, a yá ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn Haúsá: "dan ciki", ẹ̀wù kékeré tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ agbádá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn láti ọ̀dọ̀ Haúsá dé ọ̀dọ̀ Yorùbá, ó sọdá òkun, ó di aṣọ ìjà fún ẹ̀tọ́, ó wá padà wá bá wa ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí aṣọ ìgbàlódé. Iṣẹ́ ọnà tó wà láyà dashiki tí gbogbo ayé mọ̀ jù, àwọn Vlisco ní ilẹ̀ Holland ni wọ́n ya irú rẹ̀ jáde ní 1963. Ẹni tó bá ń wá aṣọ tó jẹ́ "tiwa" pọ́nńbélé, kí ó múra ìrìn-àjò.

Bàbá mi kò fẹ́ gbọ́ ìtàn kankan. Nígbà tí mo dé ilé fún ìsinmi pẹ̀lú irun mi tó ti di òkìtì, wọ́n wò mí, wọ́n wo àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tó bá mi wá, wọ́n ní, "Ṣé ìyá kan náà ló bí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni?" Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n fi kàn wá. Èkíní, pé a ń ṣe bí òyìnbó. Èkejì, pé a ní a fẹ́ dá wà, síbẹ̀ gbogbo wa jọra. Ẹ̀sùn méjèèjì yìí ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbàlagbà títí dòní, ó sì yẹ kí a gbé wọn yẹ̀ wò dáadáa, torí àwọn àgbàlagbà náà ní àpótí aṣọ tiwọn.

Kí ló wà nínú àpótí bàbá mi? Àǹkóò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ á rántí pé mo máa ń lo ọ̀rọ̀ yìí nínú kíláàsì láti fi ṣàlàyé bí èdè ṣe ń yá ọ̀rọ̀. "And Co." tó máa ń wà lára pátákó àwọn ilé ìtajà òyìnbó ni etí wa gbọ́ bẹ́ẹ̀. Lágbájá àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn nìtumọ̀ rẹ̀, a sì fi sọ aṣọ tí ẹgbẹ́ jọ ń wọ̀. Kí àǹkóò tó dé, ẹgbẹ́jọdá là ń pè é. Àwọn ọ̀dọ́ tó jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ń dá aṣọ kan náà fún ọdún eégún, fún ìgbéyàwó, fún ìsìnkú. Bàbá mi ní tó ìrù aṣọ mẹ́wàá, wọ́n sì mọ òde tí wọ́n rán ọ̀kọ̀ọ̀kan fún. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé ẹni tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ kò ní ìwà tirẹ̀. Rárá o. Nínú àǹkóò gan-an ni oge ti ń dùn! Nígbà tí aṣọ bá ti jẹ́ ọ̀kan, ojú gbogbo èèyàn á kúrò lára aṣọ, á bọ́ sára bí wọ́n ṣe rán an, bí gèlè ṣe dúró, bí fìlà ṣe gẹ̀. Àwọn obìnrin wa mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ogójì obìnrin á ra aṣọ kan náà lára ìgàn kan náà, ogójì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa jáde.

Ohun tí télọ̀ Mọ́kọ́lá náà mọ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè ṣe rí. Gbogbo wa là ń sọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín kan náà. Síbẹ̀ o lè wà nínú yàrá kí o gbọ́ ẹnìkan ní ìta, kí o sì mọ̀ pé Àlàbí nìyẹn. Bí Àlàbí bá ní òun fẹ́ dá yàtọ̀ débi pé òun fẹ́ ní èdè tòun nìkan, ta ló máa bá a sọ̀rọ̀?

Ní ti pé à ń ṣe bí òyìnbó, ẹ jẹ́ kí n má sọ púpọ̀. Ọdún wọ̀nyẹn kan náà ni àwọn àgbàlagbà ń ná owó epo lórí léèsì. Ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ọ́síríà, Lustenau, ni púpọ̀ nínú léèsì yẹn ti ń wá; àwọn òyìnbó ibẹ̀ ń fi ẹ̀rọ kọ iṣẹ́ ọnà sí aṣọ, wọ́n ń lu ihò sí i, a sì ń kó o wọ̀ lọ sóde gẹ́gẹ́ bí aṣọ ìbílẹ̀. Èyí tó wọ́n jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní wónyòsí. Wọlé Ṣóyínká fi orúkọ aṣọ yẹn pe eré kan tí ó gbé jáde ní Ifẹ̀ ní 1977, Opera Wonyosi. Tí ẹ bá fi etí Yorùbá gbọ́ àkọlé yẹn dáadáa, ẹ ó gbọ́ "òpè ra wónyòsí" nínú rẹ̀. Ó dáa. Àwọn tó wọ wónyòsí ló ń bínú sí ṣòkòtò wa.

Ìbéèrè tó yẹ kí bàbá mi bi mí ni ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé. Àwọn ẹbí ló ń yan aṣọ ẹbí, àwọn ìyálóde ẹgbẹ́ ló ń yan ẹgbẹ́jọdá. Ta ló yan tiwa? Kò sí àgbàlagbà kankan níbẹ̀. Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Jíjọra wa kì í ṣe ìṣòro wọn. Wọn ì bá fẹ́ kí a jọra ju bẹ́ẹ̀ lọ, nínú aṣọ tí àwọn yàn.

Ìdílé kan wà tí ó jẹ́ kí n rí ọ̀rọ̀ yìí kedere, ẹ sì mọ ìdílé náà. Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1919 títí di 1922. Obìnrin tó kàwé, ìyàwó ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, tó wọ gáùn àti fìlà òyìnbó dé Abẹ́òkúta bí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń wọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀làjú ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn obìnrin ọjà wọ inú ẹgbẹ́ náà láàárín 1940 sí 1949, tí ó di Abeokuta Women's Union, tí ìjà owó orí sì bẹ̀rẹ̀, ó kó gáùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìró àti bùbá ló ń wọ̀ láti ìgbà náà, nínú ìpàdé, nínú ìwọ́de, àti nígbà tó lọ sí ìlú òyìnbó. Ó fẹ́ kí àwọn obìnrin ọjà mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn lòun. Ẹ fojú inú wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lẹ́nu ọ̀nà ààfin, tí ẹ ò sì lè mọ ẹni tó kàwé yàtọ̀ sí ẹni tí kò kà. Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé aṣọ ló lé e, owó orí àti ohun tó rọ̀ mọ́ ọn ni. Àmọ́ mo gbàgbọ́ pé jíjọra yẹn wà lára ohun ìjà wọn. Obìnrin tó ti yàtọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ wá jọ àwọn yòókù, ìgbésẹ̀ tó le jù tí ó gbé nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ rẹ̀ wá ṣe é láti ìhà kejì. Fela dé láti Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1963, òun àti Koola Lobitos rẹ̀ sì ń múra bí àwọn olórin ìgbà náà ṣe ń múra. Ní 1969 ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó bá Sandra Smith pàdé ní Los Angeles, obìnrin yẹn sì fi ìwé ìtàn ìgbésí ayé Malcolm X lé e lọ́wọ́. Ó dé, orin yípadà, orúkọ ẹgbẹ́ yípadà, aṣọ yípadà. Aṣọ tó fún mọ́ ara, tí wọ́n kọ iṣẹ́ ọnà sí láyà, ṣòkòtò rẹ̀ sì bá a mu láwọ̀. Ní 1973 ó gbé Gentleman jáde, orin tó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tó wọ kóòtù, ṣẹ́ẹ̀tì, táì àti ibọ̀sẹ̀ sínú oòrùn wa yìí. Ní 1975 ó bọ́ orúkọ Ransome sílẹ̀, ó di Aníkúlápó.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ bíi pé Fela ni ẹni àkọ́kọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1887 ni àwọn Sàró kan ní Freetown ti dá ẹgbẹ́ tó fẹ́ tún ọ̀rọ̀ aṣọ ṣe sílẹ̀, Dress Reform Society. Ní Èkó, àlùfáà onítẹ̀bọmi kan tó ń jẹ́ David Brown Vincent pa orúkọ òyìnbó rẹ̀ tì ní 1894, ó di Mojọlá Agbébí, aṣọ Yorùbá ló sì ń wọ̀ títí kan ìgbà tó lọ sí ìlú òyìnbó nínú òtútù. Àwọn Sàró ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fi kóòtù òtútù làágùn ní Marina kò gba tirẹ̀. Tí mo bá ń gbọ́ Gentleman, Agbébí ni mo máa ń rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rò pé àlùfáà náà á dúró pẹ́ ní Shrine.

Ní Shrine, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, àǹkóò wà níbẹ̀ náà. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Ẹni tó bá wọ táì débẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi lé e. Àwọn ọmọbìnrin tó ń jó kun ojú wọn ní funfun, wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ irun, ó lẹ́wà púpọ̀. Àmọ́ ta ló yàn án fún wọn? Nínú orin Lady, ní 1972, ó ń fi obìnrin tó ní òun bá ọkùnrin dọ́gba ṣe yẹ̀yẹ́. Ìlù orin yẹn kò ṣe é jókòó gbọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tíì dùn mọ́ mi nínú títí dòní, pàápàá tí mo bá rántí ìyá tó bí ẹni tó kọ ọ́. Àwọn ọmọbìnrin ìgbà wa ni ìyà rẹ̀ jẹ jù. Tí wọ́n bá wọ síkẹ́ẹ̀tì kékeré, wọ́n di oníṣekúṣe lójú àwọn àgbàlagbà. Tí wọ́n bá lo wíìgì tàbí tí wọ́n bóra, wọ́n di ẹrú òyìnbó lójú àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi ṣòkòtò James Brown gbálẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀dọ́ ló ń ṣe áfúrò o. Ní ìgboro Ìbàdàn àti ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ń jí àwọn èèyàn sáàrì pẹ̀lú wéré, inú rẹ̀ sì ni Síkírù Àyìndé Barrister ti fa fújì yọ. Bùbá, ṣòkòtò àti fìlà ni tiwọn, bí fìlà bá sì ṣe gẹ̀ ló ń sọ olórin tí o wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwa ọmọ fásitì kò kà wọ́n sí ará ìgbàlódé nígbà yẹn. Ẹ wo ẹni tí orin rẹ̀ wà ní gbogbo òde lónìí.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ irun díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di ẹ̀jẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọkùnrin pé "ọkùnrin Yorùbá kì í di irun". Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀, lẹ́nu ọ̀gá ọlọ́pàá lórí rédíò, àti lẹ́nu àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹlẹgbẹ́ mi tó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣí ìwé ìtàn Samuel Johnson, èyí tó parí ní 1897 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹ ka ohun tó kọ nípa àwọn ìlàrí Aláàfin. Wọ́n ń fá orí wọn, wọ́n á sì dá irun àtàrí sí kí ó gùn, wọ́n á dì í. Orúkọ wọn gan-an, orí lílà ni. Àwọn wọ̀nyí ni ìránṣẹ́ ọba, àwọn tí ìlú ń bẹ̀rù. Ẹ lọ wo ẹlẹ́gùn Ṣàngó níbikíbi tí wọ́n bá ṣì ti ń ṣọdún: ọkùnrin tó taagun, irun rẹ̀ dídì bíi ti ìyàwó. Ẹ wo ọmọ dàda, tí a kì í fi abẹ kan orí rẹ̀ láìṣe ètò. Àwọn tátù tí ẹ ń sọ pé ọmọ Yahoo ló ń ṣe é ńkọ́? Àwọn ìyá ìyá wa fín ara, wọ́n kọ kóló sí apá àti itan nítorí ẹwà. Ìyá bàbá mi ní alángbá kan ní ọwọ́ òsì. Kò sẹ́ni tó béèrè kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Irun ìlàrí kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ dá wà. Ó ń sọ pé ti ọba ni mí. Ti ẹlẹ́gùn ń sọ pé ti Ṣàngó ni mí. Nínú ọ̀rọ̀ wa, ẹni tó yàtọ̀ sí ìlú jọ àwọn kan níbòmíràn. Ní 2019, nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn olórin Naira Marley bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní Marlian, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà, wá bá mi láìde bẹ́líìtì, ó ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Grandpa, Marlian kì í de bẹ́líìtì." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ gbọ́ gírámà rẹ̀: *kì í*. Bí a ṣe ń sọ èèwọ̀ nìyẹn! Ọlọ́bàtálá kì í mu ẹmu. Ọmọ tó ní òun kò fẹ́ òfin ẹnikẹ́ni ti gba èèwọ̀, ó sì ń pa á mọ́ ju bí ó ti ń pa òfin ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́ lọ. Mi ò bá a jà. Mo bi í pé ta ló sọ ọ́ fún un. Kò mọ̀. "Everybody" ni.

Ó tó ohun tí a lè fi ṣe ẹ̀rín, bí ó bá mọ síbẹ̀. Kò mọ síbẹ̀. Wọ́n dá SARS sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1992 láti máa lé adigunjalè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wá olè lára aṣọ. Dírẹ́ẹ̀dì, tátù, ṣòkòtò tó ya lórúnkún, fóònù olówó ńlá: ọmọ Yahoo ni, ẹ gbé e. Amnesty International tẹ ìròyìn jáde ní oṣù kẹfà 2020, wọ́n kọ ìṣẹ̀lẹ̀ 82 sílẹ̀, láti 2017 sí oṣù karùn-ún 2020, nípa ìyà, ìlọ́nilọ́wọ́gbà àti ìpànìyàn. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 35 ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fi ìyà jẹ. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni ìwọ́de gba gbogbo ìlú. Wọ́n kéde ní ọjọ́ 11 pé wọ́n ti fagi lé SARS. Ní alẹ́ ọjọ́ 20, àwọn sójà yìnbọn ní ẹnu ibodè Lẹ́kí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́ ni irun wọn rí bí irun tí wọ́n ti ń tìtorí rẹ̀ mú wọn láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Nítorí náà ni mi ò fi lè fi ọ̀rọ̀ òfin ìwọṣọ ṣeré. Ọ̀kan nínú yín kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá. Òun náà ti di ọ̀gá ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n fi í sí ìgbìmọ̀ tó ń kọ òfin aṣọ àti irun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo ìwé yìí kí a tó gbé e lọ sí Sẹ́néètì." Ó yẹ kí n yìn ín pé ó béèrè.

Mo dá a lóhùn pé mi ò lòdì sí kí ilé ẹ̀kọ́ ní kí èèyàn múra dáadáa. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, a ti ń wí i tipẹ́. Kí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn di irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, kí wọ́n ní kí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ má wọ aṣọ tó ń fẹ́ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́: ìdí rẹ̀ hàn. Ohun tí mo ní kí wọ́n yọ ni gbólóhùn tó sọ pé dírẹ́ẹ̀dì, irun dídì fún ọkùnrin àti tátù jẹ́ "àmì ìwà ọ̀daràn". Mo kọ ọ́ sí i pé èèyàn lè jẹ olè nínú agbádá, kí ó sì jẹ́ olóòótọ́ nínú dírẹ́ẹ̀dì, àti pé bí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ọlọ́pàá tó dúró sí ẹnu géètì á ní ìwé tó lè tọ́ka sí. Mo kọ ọ̀rọ̀ ìlàrí sí i fún wọn. Mo tún bi í pé akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Kò sí kankan.

Ó fèsì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti yọ gbólóhùn ìwà ọ̀daràn. Wọ́n ti ní kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mú èèyàn méjì wá. Ọ̀rọ̀ irun dídì ṣì wà lórí tábìlì, wọ́n ń jiyàn lé e. Ó tún sọ ohun kan tí èmi fúnra mi kò kíyè sí nígbà tí mo ka ìwé náà: láàárín dírẹ́ẹ̀dì àti tátù, nọ́ńbà keje lórí àwọn ohun tí wọ́n kà léèwọ̀, ni "irun áfúrò tó pọ̀ bí igbó". Inú ìwé òfin àtijọ́ ni akọ̀wé ti dà á kọ. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ ara wọn ohun tí irun yẹn ṣe tí wọ́n fi kà á léèwọ̀ nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọ́ nínú gbogbo wọn.